Bọ́ílà Tí Wọ́n Ní Ó Ń Jẹ Ohun Gbogbo

Bí àwọn ará ilé bá pè mí lórí fóònù, tí wọ́n ní kí n sọ bí Niamey ṣe rí, ohun tí wọ́n ń retí ni ọ̀rọ̀ oòrùn, tàbí ti odò ńlá, tàbí ti ràkúnmí tó ń gba ojú títì kọjá láàárín ọkọ̀. Mo máa ń sọ ìyẹn fún wọn. Ohun tí n kì í sọ ni òórùn. Awọ màlúù tí wọ́n ti fi iyọ̀ pa, tí wọ́n wá dà sínú iná, òórùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ó ń rùn bí irun tó jó, ó ń rùn bí ẹran tó ti kú sí kòtò láti ọjọ́ mẹ́ta, ó sì tún ní adùn díẹ̀ nínú. Adùn yẹn ló ń rí mi lára jù. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, itọ́ ti kún mi lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n tutọ́ ná.

Èmi ni mo sì pe òórùn náà wá. Ẹnu mi ló pè é.

Iṣẹ́ bọ́ílà ni mo mọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe é nílé iṣẹ́ òróró kan nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa. Ẹni tí kò bá mọ bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá ni. Omi ń hó nínú rẹ̀, oru omi tó bá ń jáde níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ fi ń se nǹkan, tó sì fi ń gbẹ nǹkan. Lẹ́yìn tí ibẹ̀ tì, ọdún kan gbáko ni mo fi jókòó sílé tí mò ń wo ojú Màámi. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé ọmọ ìlú wa kan ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ ní Niamey, pé ó ń wá ẹni tó mọ bọ́ílà tó sì gbọ́ Yorùbá, n kò béèrè ohun méjì.

Alájì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní Niamey, ni wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ ló kó aṣọ láti ilé wá tà níbẹ̀. Ó ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n tó bá ń sọ ọ́, Hausa á yọjú, Zarma á yọjú, tí ọ̀rọ̀ bá sì di ti owó, Faransé ló kù. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó fún mi ní yàrá kan ní Zongo, ó sì mú mi jókòó.

"Ṣe iṣẹ́ rẹ bien," ó ní. "Tó bá dára lójú mi, èmi á sáìnì lẹ́tà fún ẹ, kí o fi gba ìwé ìgbélùú. Láìsí lẹ́tà, bábù ìwé, kò sí rárá. Tó?"

Mo ní tó, mo gbọ́. Ẹ fi lẹ́tà yẹn sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìwé olóṣù mélòó kan ni wọ́n fi jẹ́ kí n wọlé. Tí n kò bá rí lẹ́tà gbà lọ́wọ́ ọ̀gá kí ó tó parí, ilé ni mo ń padà sí, ojú Màámi náà ni n óò tún máa wò.

Ohùn mi ló kọ́kọ́ kó bá mi. Ní ọjọ́ kejì, mo rí Sumáná, ọmọ Zarma tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí bọ́ílà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti lé ní ogójì ọdún. Mo kí i bí a ṣe ń kí ènìyàn nílé, mo sì fọwọ́ gbá a léjìká. Ó gbé ọwọ́ mi kúrò jẹ́jẹ́, ó fi Hausa, tí mo ti gbọ́ díẹ̀ láti ilé, bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣẹ̀ yín?" Gbogbo ayé níbẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé aláìsàn kan ń sùn nínú yàrá kejì. Ó tó oṣù kan kí n tó mọ bí a ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí iná mànàmáná bá sì lọ, èmi ni wọ́n ń yí ojú sí, nítorí Nàìjíríà ni iná wọn ti ń wá. "Ẹ sọ fún àwọn ènìyàn yín kí wọ́n dá iná wa padà," Sumáná á ní, bí ẹni pé bọ́tìnnì iná ilẹ̀ Nàìjíríà ni mo fi sínú àpò ṣòkòtò mi wá. Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n tí mo bá dé yàrá mi nírọ̀lẹ́, ẹ̀rín náà a máa dùn mí.

Bọ́ílà dísù ni Alájì ń lò nígbà náà, ó sì ń mu dísù débi tí èrè orí ọṣẹ fi ń bá èéfín lọ. Òun ló gbọ́ nípa irú bọ́ílà mìíràn, tó sì ra àlòkù kan. Àwọn tó wá tò ó fún wa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sọ̀rọ̀ Faransé púpọ̀, wọ́n lọ. Lẹ́yìn náà, tí a bá pè wọ́n, fóònù wọn kàn ń dún ni.

Bọ́ílà yẹn ya gbogbo wọn lẹ́nu, àfi èmi. Yanrìn ló wà nínú ikùn rẹ̀ dípò irin tí wọ́n ń to igi lé. Fáànù ńlá kan wà nísàlẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú yanrìn náà kọjá, títí yanrìn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ọ̀gì. Dísù díẹ̀ la ó fi kọ́kọ́ mú un gbóná. Tó bá ti pọ́n, a ó pa dísù, a ó wá máa da èèpo ìrẹsì sí i. Kí èèpo náà tó balẹ̀, ó ti jóná, nítorí hóró yanrìn kọ̀ọ̀kan ló gbé ooru dání, wọ́n sì ń bò ó láti ọ̀tún, láti òsì. Bí èèpo náà tutù díẹ̀, á jó. Bó dọ̀tí, á jó. Àwọn tó ń bó ìrẹsì létí odò ti ń dáná sun èèpo yìí tipẹ́, kí ó ṣáà lè kúrò níwájú wọn. Alájì wá ń fi ohun tó rọrùn bẹ́ẹ̀ se ọṣẹ.

Sumáná ní àlùjànnú ló wà nínú yanrìn yẹn. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀pà yíyan ni Màámi fi tọ́ wa. Inú àgbada ni yanrìn rẹ̀ ń wà, dúdú, tó ń dán. Á mú un gbóná kí ẹ̀pà tó wọ̀ ọ́, á sì máa rò ó láìsinmi, kí ooru lè kárí. Fáànù Alájì ló ń rò ó níhìn-ín, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Mo pe Màámi lórí fóònù, mo ní, "Màámi, wọ́n ti kọ́ àgbada yín tó ga ju ilé lọ."

"Ta ló ń rò ó?"

"Èmi ni."

"Má jẹ́ kí ó jó mọ́ ọ lọ́wọ́ o, ọkọ mi," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ nǹkan kan tí àwọn ará Niamey kò mọ̀.

Oṣù mẹ́ta ni ayé fi dára. Láràárọ̀, kí n tó wọlé, mo máa ń yà sọ́dọ̀ Hàbíbà, obìnrin tó ń ta fùrá ní òdìkejì títì, níbi tí àdúgbò Boukoki ti kángun sí ọgbà ilé iṣẹ́ wa. Á po jéró mọ́ wàrà nínú igbá, á fi ṣíbí onígi lé e, á kí mi ní Zarma, "Fofo." Èmi náà á ní "Fofo," pẹ̀lú ohùn tí mo ti kọ́ láti rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa kò ju ìyẹn lọ, ó sì tó mi. Ẹni tó bá ti gbé ìlú àjèjì mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ìwọ̀n ṣúgà rẹ lè mú kí àárọ̀ ṣeé farada.

Nígbà náà ni Alájì kó àwọn àlejò wá, àwọn tó ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́pọ̀. Ó ní kí n ṣàlàyé bọ́ílà fún wọn. Mo wò ó pé ọjọ́ tí lẹ́tà mi máa jáde rèé, mo sì ṣe ju ara mi lọ. Mo na ọwọ́ sí ihò gíláàsì tí a fi ń wo iná, mo sọ pé, "Bọ́ílà yìí, kò sí ohun tí kì í jẹ. Ohunkóhun tí ẹ bá ti lè dà sí i lẹ́nu, ó di oru omi." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alájì nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo ihò yẹn bí ẹni tó rí àpò owó tí wọ́n gbàgbé sójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kẹrin, kẹ̀kẹ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà wọ ọgbà wa. Kí ó tó dé ẹnu géètì ni eṣinṣin rẹ̀ ti dé. Àjákù awọ ni, etí, ìrù, ẹsẹ̀, gbogbo ohun tí àwọn tó ń ṣe awọ gé sọnù. Iyọ̀ tí wọ́n fi pa á kí ó má bàa jẹrà ṣì funfun lára rẹ̀, ó sì ti jẹrà náà. Omi aláwọ̀ tíì kan ń kán láti abẹ́ kẹ̀kẹ́.

"Èèpo ìrẹsì, mo ń rà á," Alájì ní, inú rẹ̀ ń dùn. "Ṣùgbọ́n èyí, àwọn ló ń fún mi lówó kí n gbà á! Ìwọ lo sọ ọ́, wálàhí. Il mange tout, ohun gbogbo ló ń jẹ."

Mo wo lẹ́tà mi lójú inú mi, mo gbé ṣọ́bìrì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òórùn yẹn ṣe fún mi. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ń fi ọṣẹ wa wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Mo fi kànrìnkàn bó ara mi. Òórùn náà wà lábẹ́ èékánná mi, ó wà nínú irun imú mi, ó wà nínú ìrọ̀rí tí mo ń sùn lé. Mo bu búrẹ́dì jẹ, awọ ni mo jẹ. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo tò sí sàfù ní mọ́ṣáláṣí Zongo. Gbogbo wa la mọ̀ pé èjìká gbọ́dọ̀ kan èjìká, a kì í fi àlàfo sílẹ̀. Bàbá tó wà lọ́tùn-ún mi fa imú, ó sún. Ẹni tó wà lósì mi náà sún. Wọn kò sọ nǹkan kan, wọ́n jẹ́ ọmọlúàbí. Mo dúró láàárín àlàfo yẹn, n kò sì rántí súrà kankan. Mo ti dá nìkan wà púpọ̀ ní Niamey, ṣùgbọ́n n kò dá nìkan wà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, Hàbíbà pè mí. Kò sọ "Fofo." Ó gbé igbá fún mi, ó dúró. Mo gbé e sẹ́nu. Wàrà kì í pẹ́ gba òórùn, ẹ mọ̀ ọ́n. Awọ ló wà nínú rẹ̀, awọ jíjó nínú wàrà tútù. Mo fi agbára gbé e mì.

"Àwọn oníbàárà mi ti lọ," ó ní ní Hausa. "Mẹ́ta ló kù. Ṣé ìwọ lo ń dá iná yẹn?"

"Rárá," mo ní. "Kì í ṣe èmi."

Ẹ wò ó, mo ti kórìíra àwọn ènìyàn kan láyé mi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó rí mi lára tó ara mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyà tó yẹ kó jẹ mí ni òórùn yẹn, mo sì ti pín in fún obìnrin tó ń po fùrá.

Mo lọ bá Alájì. Inú ọ́fíìsì rẹ̀, wíńdò tì pa, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, tùràrí ń rú lórí tábìlì. Koira Kano ló ń gbé, ní ìkángun àríwá ìlú, níbi tí èéfín wa kì í dé.

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́ sà, òórùn yìí ti pọ̀ jù. Àwọn ará àdúgbò ò lè mí mọ́."

"Kai! Ṣé imú ló ń ra dísù?" Ó rẹ́rìn-ín. "Kala suuru, kí wọ́n ní sùúrù. Ó máa mọ́ wọn lára." Ó wá tẹ ìka lé ìwé kan. Mo rí orúkọ mi lórí rẹ̀. "Lẹ́tà rẹ rèé, mo ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Sáìnì ló kù. Ìwọ sì wá bá mi sọ ọ̀rọ̀ òórùn."

Mo padà sídìí ṣọ́bìrì. Ẹ kà á bí mo ṣe kọ ọ́: mo padà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi da awọ sínú iná, tí mo fi ìborùn di imú.

Yanrìn ló kọ́kọ́ kọ̀, kì í ṣe èmi. Tí ara yanrìn bá yá, ìró kan wà tó máa ń ṣe, ìró jẹ́jẹ́ bí òjò lórí koríko. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Sumáná gbé orí sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti dákẹ́." Fáànù ń ké, ṣùgbọ́n yanrìn ti jókòó. A pa á, a dúró títí ó fi tutù, a ṣí i. Yanrìn ti dì. Ó ti di òkúta tó ń dán bí ìgò, òmíràn tó orí àgbò. A fi òòlù àti irin fọ́ ọ, a kó o jáde, a da tuntun sí i. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta, ó tún dì. Ọṣẹ tutù sínú ìkòkò láìjinná, a tún padà sídìí bọ́ílà dísù. Alájì sọ̀kalẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ó mú gèlè ìyàwó rẹ̀ kan wá láti ilé, ó fi bo imú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó bo imú nìyẹn.

"Wá ọ̀nà tí á fi máa jẹ awọ tí kò ní dì," ó ní. "Ọjọ́ tí o bá rí ọ̀nà, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo máa sáìnì lẹ́tà. Tó?"

Ó ku bí oṣù kan kí ìwé mi parí.

Mo pe Màámi. N kò sọ ti òórùn fún un, mo ní yanrìn ń dì mọ́ wa lọ́wọ́ nínú àgbada ńlá. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Iyọ̀ wà nínú ohun tí ẹ ń yan?"

Mo ní ó wà.

"Ẹ̀pà tí mo bá rẹ sínú omi iyọ̀, ṣé o ò rántí ni? Iyọ̀ rẹ̀ ló ń kó sára yanrìn. Tí ó bá pọ̀ tán, yanrìn á máa lẹ̀ mọ́ra. Láràárọ̀, n óò bu igbá kan dànù, n óò bu igbá kan tuntun sí i. Títí òní, yanrìn mi ò dì rí. Ẹ má jẹ́ kí ti àná pọ̀ ju ti òní lọ, ó tán."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọ̀nà náà ti wà lẹ́nu mi. Nísàlẹ̀ bọ́ílà, ihò kan wà tí a lè máa gbà fa yanrìn díẹ̀ jáde lójoojúmọ́ láìpa iná. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Mo jáde láti lọ sọ fún Alájì, mo ń sáré, lẹ́tà mi ti wà lọ́wọ́ mi tán.

Mo gba iwájú ibi tí Hàbíbà máa ń jókòó kọjá. Kò sí Hàbíbà. Kò sí ẹní, kò sí igbá. Ojú ilẹ̀ tó ti fi ìjókòó tẹ̀ ló ń dán níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń tún táyà ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ní ó ti kó lọ láti àná, kò mọ ibi tó lọ.

Mo wọ ọ́fíìsì. "O rí ọ̀nà?" Alájì bi mí. Bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wo bírò náà. "Kò sí ọ̀nà, Alájì. Iyọ̀ ara awọ ni. Tí ẹ bá ń da awọ sí i, ẹ ó máa ra yanrìn, ẹ ó máa ra dísù, títí bọ́ílà á fi bàjẹ́. Èèpo ìrẹsì nìkan ló lè jẹ."

Ó wò mí pẹ́. Mo rò pé ó rí ìdáhùn náà níbi tí mo gbé e pamọ́ sí lábẹ́ ahọ́n. Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó ju lẹ́tà náà sínú rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í. "Ìwọ lo ní il mange tout," ó ní.

Kẹ̀kẹ́ awọ kò wá mọ́. Kò sí ẹni tó gba ti imú rò, ẹ jẹ́ kí ó yé yín. Yanrìn ló bẹ̀bẹ̀ fún wa. Bí àjákù awọ bá wà tí kò ní iyọ̀ ni, à bá ṣì máa jó o títí di òní. Èyí tó wá rí mi lára jù ni pé àwọn àgbà Boukoki kó obì wá láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Alájì. Mo wà níbẹ̀. Ó gba obì náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó tẹrí ba, ó ní òun kò lè fi iṣẹ́ òun ni aládùúgbò lára, pé ẹ̀rù Ọlọ́run ń ba òun. Mo jáde síta, mo tutọ́.

Màámi pè ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. "Ṣé ẹ ti ń pààrọ̀ yanrìn bí mo ṣe wí?"

"Mo gbàgbé láti sọ fún wọn, Màámi."

"Ìwọ? O gbàgbé?" Kò bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Ó dáa. Àgbada mi ṣì wà níbí. Ọwọ́ ti ń ro mí tí mo bá ń rò ó."

Láàárọ̀ òní, Hàbíbà ti padà sí àyè rẹ̀. Ẹní tuntun ló tẹ́. Mo dúró níwájú rẹ̀, n kò mọ ohun tí n óò fi ọwọ́ mi ṣe.

"Èmi ni mo ń dá iná yẹn," mo ní. "Irọ́ ni mo pa fún yín."

Ó po fùrá, ó gbé igbá náà sí imú ara rẹ̀, ó fa òórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó fa apá ẹ̀wù mi mọ́ra, ó fa òórùn ìyẹn náà. Ó wá bu ṣúgà sí i, ìwọ̀n tèmi gan-an, ó gbé e fún mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù lórí ìwé mi. Mo jókòó lórí ẹní, mo mu ún tán, mo sì ní kí ó po òmíràn.